Ẹsẹ̀ Tó Wọ Ilẹ̀ Bàbá Má-Tẹ̀-Ẹ́

Bí ẹ bá rí bàbá kan tó ń bá koríko sọ̀rọ̀ láàárọ̀, tó sì ń bú ẹyẹ, ẹ má rò pé nǹkan ti ṣe é. Bàbá Má-Tẹ̀-Ẹ́ ni. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé ìjọba, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi pè é mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé búrẹ́dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló fún un ní èyí, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀: "Má tẹ̀ ẹ́! Ìwọ yẹn, mo ní má tẹ̀ ẹ́!"

Ilẹ̀ tó ń ṣọ́ kò tó pápá bọ́ọ̀lù. Ó há sáàárín ògiri ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì àti ojú irin. Wáyà yí i ká, géètì kan wà níwájú tí àgádágodo rẹ̀ tóbi ju ti báǹkì lọ, wọ́n sì kọ ọ́ sára pátákó pé ilẹ̀ ààbò ni, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já ewé kan níbẹ̀. Àlejò tó bá ka pátákó náà tán á yọjú wo inú, á rí koríko. Á tún wò ó dáadáa, á tún rí koríko. "Kí wá ni wọ́n ń ṣọ́?" Ìbéèrè yìí máa ń dun Bàbá wọ egungun.

Ohun tí wọ́n ń ṣọ́ ni ewéko kan tí kò ga ju ìka ọwọ́ lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló fi ń tanná lọ́dún. Òdòdó rẹ̀ kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ, ó dúdú bí aró, ojú funfun kékeré kan sì wà láàárín rẹ̀. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un gùn ju ewéko náà fúnra rẹ̀ lọ. Bàbá gbìyànjú láti pè é nígbà kan, ahọ́n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ́, látìgbà náà ló ti ń pè é ní bọ́tìnnì. Ibi mẹ́ta péré ni wọ́n mọ̀ tó ń hù sí, ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti di títì ọlọ́dà.

Aránbàtà ni Bàbá kó tó di olùṣọ́. Nígbà tí bàtà onírọ́bà dé, èyí tó jẹ́ pé bó bá ti já, ààtàn ló kàn, iṣẹ́ kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ojú aránbàtà kò kú. Kì í wo ojú èèyàn kó tó wo ìdí bàtà rẹ̀. Ó máa ń sọ pé ẹnu lè purọ́, ojú lè purọ́, ìdí bàtà kì í purọ́: ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀, ẹni tí nǹkan ń lé níwájú, ẹni tí orúnkún ń dùn tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀, gbogbo wọn ló ń kọ ọ̀rọ̀ ara wọn sílẹ̀ níbi tí wọ́n bá tẹ̀. Nínú yàrá pákó tó ń jókòó sí lẹ́nu géètì, òòlù rẹ̀ àti agolo ìṣó rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ tábìlì, ó sì ń bá àwọn oníbúrẹ́dì kan bàtà wọn ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á síṣẹ́, ọ̀gá àgbà tó wá ri wáyà sọ gbólóhùn kan fún un. "Bàbá, iṣẹ́ yín ò le. Ẹ má ṣáà jẹ́ kí ẹsẹ̀ kankan wọ ibẹ̀." Ẹlòmíràn á gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Bàbá gbọ́ ọ bí ìbúra. Òun fúnra rẹ̀, ìta wáyà ló ti ń rìn yí ilẹ̀ náà ká. Ó to pákó gígùn lé òkúta nínú ibẹ̀, kí àwọn tó ń wá ka òdòdó lọ́dọọdún má baà fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Nígbà tí ewúrẹ́ kan ráyè wọlé, ó kọ́kọ́ jókòó bọ́ bàtà rẹ̀ kó tó lé e, kó má baà tẹ nǹkan mọ́lẹ̀. Ewúrẹ́ ò bọ́ tirẹ̀, ẹ sì lè fojú inú wo bí ìdíje náà ṣe lọ. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á fa ìwé ìròyìn rẹ̀ yọ, á sì kọ gbólóhùn kan náà sínú rẹ̀: *Kò sí ẹsẹ̀ tó wọlé lónìí.* Ogún ọdún ló fi kọ ọ́. Ìwé tó ti kún lé ní ọgbọ̀n, ó tò wọ́n sórí pẹpẹ bí ẹni to àwo ìyàwó.

Ohun tí kò yé e ni pé bó ṣe ń ṣọ́ bọ́tìnnì tó, bẹ́ẹ̀ ni bọ́tìnnì ń dín kù. Lọ́dún tí wọ́n ri wáyà, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ni wọ́n kà. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ó ku ẹgbẹ̀rún méjì. Lọ́dún tó kọjá, ogóje. Àfi bí ẹni tí wọ́n ń fi oúnjẹ tó dára bọ́ tó sì ń rù. Ọ́fíìsì wá kọ̀wé: bí iye rẹ̀ bá wálẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún lọ lọ́dún yìí, wọn yóò yọ ilẹ̀ náà kúrò nínú ìwé ààbò, wọn yóò sì fi ṣe ibi tí ọkọ̀ ẹrù yóò máa sùn. Bàbá ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó jáde lọ fi omi nu pátákó, bí ẹni pé ìdọ̀tí ara pátákó ló fà á.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n wá kà á, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó bọ́ bàtà, ó gun orí pákó, ó sì ka gbogbo ilẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Koríko ti ga dé ìbàdí rẹ̀. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló rí. Ó jókòó sórí pákó, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ogún ọdún, ọkùnrin náà kò gba ìsinmi ju ìgbà méjì lọ, ọjọ́ ìgbéyàwó àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì.

Ibi tó jókòó sí yẹn ló ti rí àwọ̀ aró kan tó ń yọjú láàárín koríko, níbi igun ẹ̀yìn pátápátá, lábẹ́ ògiri ilé búrẹ́dì, níbi tí pákó kò dé. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn. Nígbà tó ya koríko sọ́tùn-ún sósì, ó pariwo bí ẹni tí agbọ́n ta. Bọ́tìnnì ni! Bọ́tìnnì lápá ọ̀tún, bọ́tìnnì lápá òsì, wọ́n tò lọ títí bí etí aṣọ tí wọ́n ṣẹ́ léti. Ó kà á, ọkàn rẹ̀ ń fò: ẹgbẹ̀ta lé méjìlá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Ṣùgbọ́n ijó náà kò tíì dé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó fi rí ohun tó wà láàárín ìlà méjèèjì. Ojú ọ̀nà ni. Tóóró ni, ṣùgbọ́n ó dán, ó sì le. Wọ́n ti tú wáyà ní ìhín, wọ́n ti tú u ní ọ̀hún, wọ́n sì fi ìkọ́ kékeré so ó padà wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀.

Inú bí i gidigidi. Ta ni ọ̀daràn náà? Ó kúnlẹ̀ kó lè ka ojú ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀, ìgbà yẹn ni ìbínú rẹ̀ gbẹ lójijì. Bàtà obìnrin ni. Gìgísẹ̀ òsì jẹ lápá ìta, bíi ti ẹni tí orúnkún ń dà láàmú. Ẹ̀là táyà wà lábẹ́ gìgísẹ̀ náà, ìṣó mẹ́ta ló sì mú un, méjì lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Kò sí aránbàtà mìíràn tó ń kan ìṣó báyẹn. Òun ló kàn án, lóṣù tó kọjá, lórí àga ìdáná ilé ara rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì náà, ó ti lé ní ogún ọdún. Òun ló ń po ìyẹ̀fun ti àárọ̀, ó sì máa ń jáde nílé kí Bàbá tó fọ ẹnu. Nígbà tí Bàbá délé lọ́jọ́ náà, ó bá a tó ti ẹsẹ̀ bọ abọ́ omi gbígbóná oníyọ̀. Kò kí i. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ilẹ̀kùn, ó gbé bàtà òsì, ó sì dojú rẹ̀ bolẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o," ni ìyàwó wí. "Kí lẹ ń wá nídìí bàtà mi?"

"Ìwọ ni."

"Èmi ni mo ṣe kí ni?"

"Ìyá wọn, ìwọ lò ń gba inú ilẹ̀ ààbò kọjá."

Ó gbé ẹsẹ̀ kan jáde nínú omi, ó wò ó, ó tún tì í bọ̀ ọ́ padà. "Ta ló sọ fún yín?"

"Ìṣó mẹ́ta ló sọ fún mi. Ìgbà wo lo ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ó di ọdún kọkàndínlógún báyìí."

"Kí ló dé tí kò fi pé ogún?"

"Ọdún àkọ́kọ́, mo ṣì ń bẹ̀rù yín."

Bàbá wá ibì kan jókòó. "Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé! Mo ń lé ewúrẹ́, mo ń lé ẹyẹ, èmi àti ẹni tí mò ń wá la jọ ń fi orí lé ìrọ̀rí."

"Kòkòrò kọ́, orúnkún ni," ni ìyàwó dáhùn. "Bí mo bá gba ojú títì, ó tó ogójì ìṣẹ́jú. Bí mo bá gba ẹ̀yìn, méje ni. Mo sì ń rọra tẹ̀ ẹ́, Bàbá wọn. Mi ò tẹ òdòdó yín kankan mọ́lẹ̀ rí."

"O ò wá lè sọ fún mi?"

"Bí mo bá sọ, ẹ̀ẹ́ ní kí n má gbà á mọ́, màá sì gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi sọ."

Bàbá ní, "Ìwé mi ńkọ́? Irọ́ ni mo ti ń kọ fún ìjọba." Ìyàwó ní ẹni tí kò mọ̀ kò purọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá ti mọ̀ báyìí, ibẹ̀ gan-an ni bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Bó bá sọ ọ́ lọ́fíìsì, orúkọ ìyàwó rẹ̀ yóò wọ ìwé arúfin. Àwọn tó ń fojú sí ilẹ̀ náà yóò ní, ṣebí aya olùṣọ́ gan-an ti sọ ọ́ di títì, ẹ jẹ́ kó kúkú di títì. Bí kò bá sì sọ, bọ́tìnnì ẹgbẹ̀ta ti wà nílẹ̀, wọ́n á kà á, wọ́n á lọ, ilẹ̀ á sì yè. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Kò ra èké rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó yìí, tó bá a jẹ gaàrí lọ́dún tí bàtà onírọ́bà dé tí kò sì bú u lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ràn rẹ̀ ju ìwé ọgbọ̀n lọ.

Lọ́jọ́ kíkà, ó ní kí ìyàwó gba ojú títì. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wò ó bó ṣe ń tiro lọ, inú rẹ̀ kò dùn. Lẹ́yìn náà ló gbé ìgbálẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó gbá ojú ọ̀nà náà títí kò fi sí ojú ẹsẹ̀ kankan níbẹ̀ mọ́. Ó ju koríko gbígbẹ lé e, ó sì fi wáyà tuntun di ibi tí wọ́n ń tú.

Ẹni tó wá kà á ni ọ̀gá kékeré tí wọ́n ń pè ní Onídígí, ọmọbìnrin tí kò ju àbíkẹ́yìn Bàbá lọ, tí dígí kan tó ń sọ ohun kékeré di ńlá máa ń rọ̀ sọ́rùn rẹ̀. Ó ń kí Bàbá tìkúnlẹ̀-tìkúnlẹ̀, Bàbá náà ń pè é ní ọ̀gá. Ó rìn lórí pákó, ó ka ọgbọ̀n, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Bàbá tọ́ka sí igun ẹ̀yìn. Láìpẹ́ ó gbọ́ igbe ayọ̀.

"Bàbá! Ẹgbẹ̀ta ó lé! Ilẹ̀ yìí ò ní bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́!" Ó dojú bolẹ̀ pẹ̀lú dígí rẹ̀, ẹ̀wù rẹ̀ kún fún eruku. Nígbà tó yá, ó gbójú sókè. "Ṣùgbọ́n kí ló yàtọ̀ níbí, Bàbá? Bí mo bá mọ ohun tó jẹ́ kó hù níbí, mo lè mú èyí tó kù padà."

"Ọlọ́run ló mọ̀ o, ọ̀gá," ni Bàbá wí. Ọ̀rọ̀ náà korò lẹ́nu rẹ̀.

Onídígí wo ògiri. Ó rí páìpù kan tí omi ìfọwọ́ ilé búrẹ́dì ń gbà jáde. "Omi ni! Omi tó ń jò yìí ló ń mu." Ó ti fa bírò yọ. Ó ń kọ ọ́ pé kí wọ́n fa omi wọ gbogbo ilẹ̀ náà kí òjò tó dé.

Bàbá mọ ilẹ̀ yẹn bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Níbi tí omi bá ti dúró, bọ́tìnnì kì í hù, ó ń jẹrà ni. Irọ́ kékeré tó pa láti fi bo aya rẹ̀ ti fẹ́ di omi tí yóò pa ohun tó fi ogún ọdún ṣọ́. Ó wo ìgbálẹ̀ tó fi ti ara ògiri.

"Ọ̀gá, ẹ dá bírò yẹn dúró. Kì í ṣe omi. Ìyàwó mi ni."

Ó wá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kò fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú: ìṣó mẹ́ta, ọdún mọ́kàndínlógún, orúnkún, ìgbálẹ̀ àárọ̀ yìí. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó dúró de ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀. Onídígí fi ọwọ́ gbá koríko gbígbẹ kúrò, ó tẹ ilẹ̀ líle náà wò, ó wo koríko gíga tó wà lẹ́yìn, ó tún padà wo bọ́tìnnì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dé ojú rẹ̀.

"Bàbá, kí wọ́n tó ri wáyà, ta ló ń gba ibí kọjá?"

"Ta ni kì í gbà á? Àwọn oníbúrẹ́dì, àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin, ewúrẹ́ gbogbo àdúgbò."

"Bọ́tìnnì yín kúrú, koríko ga. Bí koríko bá bò ó, kò rí oòrùn, á kú. Ẹsẹ̀ ló ń tẹ koríko rì fún un. Ẹsẹ̀ náà ló ń tẹ èso rẹ̀ wọ ilẹ̀."

Bàbá wo wáyà tó yí ilẹ̀ náà ká. "Ṣé èmi ni mo wá ń pa á láti ọjọ́ yìí?"

"A jọ pa á ni, Bàbá. Ṣebí àwa la ri wáyà, àwa la sì sọ fún yín pé kí ẹsẹ̀ kankan má wọlé. Ẹ̀yin kàn mọ iṣẹ́ ṣe ju bó ṣe yẹ lọ."

Àṣejù baba àṣetẹ́ ni àwọn àgbà wí, ṣùgbọ́n ọmọ náà fi ọ̀wọ̀ sọ tirẹ̀. Ó ní òun fẹ́ rí ẹni tó gba ilẹ̀ náà là. Nígbà tí wọ́n mú ìyàwó dé, ìyẹ̀fun bò ó dé igunpá, fìlà funfun wà lórí rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà. "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi, ẹ má bá bàbá yìí wí, kò mọ̀ rárá. Mo sì ń rọra tẹ̀ ẹ́ ni." Onídígí ti kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Mà, ẹ má rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́," ló wí. "Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ́fíìsì ṣe fọwọ́ sí i fún ọdún kan, láti wò ó ná, pé kí obìnrin náà nìkan máa kọjá. Bàbá na okùn sílẹ̀, ó ya ojú ọ̀nà mẹ́ta tuntun fún un: ti Ajé, ti Ìṣẹ́gun, ti Ọjọ́rú, ká tún padà sí ti ẹ̀yìn. "Ṣé mo ti di ewúrẹ́ ìjọba ni?" ni ìyàwó bi í. Àwọn oníbúrẹ́dì wá ń gbọ́ ohùn kan náà láàárọ̀, wọ́n sì ń di ikùn mú fún ẹ̀rín: "Tẹ̀ ẹ́! Ìyá wọn, mo ní tẹ̀ ẹ́!" Onídígí ní Bàbá náà lè máa rìn ín. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹsẹ̀ kọ̀ kò bọ́ sílẹ̀. Ogún ọdún kì í ṣe ọjọ́ kan. Ó padà sí yàrá pákó lọ kọ ìwé rẹ̀. Lójoojúmọ́ ló ń kọ ọ́, lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà: *Ìyàwó mi kọjá.*

Ní oṣù kẹjọ ọdún ìdánwò náà ni orúnkún ìyàwó kọ̀ pátápátá. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, dókítà ní wọn yóò ṣiṣẹ́ abẹ fún un, pé kò ní fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bàbá jókòó tì í títí wọ́n fi ní kó lọ sinmi. Ibi iṣẹ́ ló gbà lọ. Ìrọ̀lẹ́ ni. Ó ṣí ìwé ìròyìn, ọwọ́ rẹ̀ tó ti mọ̀ ọ́n lára kọ ọ́ kó tó mọ̀ pé òun ń kọ ọ́: *Kò sí ẹsẹ̀ tó wọlé lónìí.*

Ó wo ohun tó kọ. Láti ọdún tí ìyàwó rẹ̀ ti ń gba ibẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó máa jẹ́ òtítọ́. Gbólóhùn tó fi ń yangàn láti ọjọ́ yìí, kò tíì dùn ún lọ́kàn tó báyìí rí. Ilẹ̀ náà ṣófo lójú rẹ̀ bí ilé tí wọ́n kó kúrò nínú rẹ̀.

Ó fa ìlà sórí ohun tó kọ. Ó dìde, ó gba ìta lọ sí ibi ìkọ́ ẹ̀yìn, ó tú wáyà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti bọ́ bàtà, ó tún dúró, ó so okùn rẹ̀ padà. Ó wá wọlé tòun ti bàtà, ó ń ṣísẹ̀ kúkúrú, ó ń fi ẹsẹ̀ òsì tiro díẹ̀ síta bíi ti ẹni tó ni ọ̀nà náà, ó ń tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ó lọ, ó bọ̀. Nígbà tó padà sí tábìlì, ó kọ ọ́ sábẹ́ ìlà náà pé: *Ìyàwó mi ò lè wá lónìí. Mo bá a rìn ín.*